Ilà Mẹ́ta ní Igun Fọ́tò

Omi pupa ló kọ́kọ́ jáde, ó pọ́n bí omi ìsápá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó rí bí ọbẹ̀ ata gbígbẹ, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà ìyeyè. Mo rántí ìgbà tí mo jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀bù mi ní Bantè, tí mo ń fi abẹ́rẹ́ ilé ìwòsàn fa àwọ̀ jáde kúrò nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò kan, tí mo sì ń dà á sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Àwọn adìẹ ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́yìn mi wá tọ́ ọ wò, wọ́n gbọn orí, wọ́n lọ. Ìyá náà fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé aṣọ lo ń rẹ ni, àbí o fẹ́ pa mí ládìẹ?" Mo ní kì í ṣe aṣọ. Mo ní mo fẹ́ gba gbogbo àwọ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ yìí ni, kó má lè tẹ nǹkan mìíràn mọ́ àfi dúdú àti funfun. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní gbogbo ayé ń wá àwọ̀, èmi ń da àwọ̀ nù sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni tó mọ ohun tí ìyá àgbà ò lè mọ̀ láéláé. N kò tíì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ rí lójú ara mi, n kò sì gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Savalou ni mo ti kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, lọ́dọ̀ àgbà ayàwòrán kan tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Mahi, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò dúdú-funfun mọ́. Bébà rẹ̀ ò wọ̀lú mọ́, oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù ti gbẹ mọ́ ìdí ìgò. Fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò ìgbéyàwó la ń yà, aláwọ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá òkùnkùn rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé, ó sì máa ń gbá a ní àràárọ̀ bí ẹni pé àlejò ń bọ̀. Inú yàrá yẹn ló kó fíìmù iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sí, nínú agolo mílíìkì àti agolo bisikíìtì: àwọn ará Savalou, ará Bantè, ará Akpassi, ará Bobè, ẹnikẹ́ni tó ti jókòó níwájú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún fíìmù kọ̀ọ̀kan, ó fi abẹ́rẹ́ ha ilà kéékèèké mẹ́ta. Bí wọ́n bá tẹ fọ́tò náà, ilà mẹ́ta yẹn á yọ dúdú lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó. Ó máa ń tẹ́ ẹní funfun síwájú àga kí wọ́n lè hàn dáadáa. Irú ilà kan náà ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun fúnra rẹ̀, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì, èyí tí wọ́n kọ fún un ní kékeré. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó ń ya fọ́tò kì í sí nínú fọ́tò. Iṣẹ́ mi wà lára ògiri gbogbo ilé ní agbègbè òkè yìí, kò sì sí ibì kan tí ojú mi wà. Ilà yìí ni ojú mi." A rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í wọ ọmọ iṣẹ́ létí bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, ariwo ọjọ́ ìdáńdè tirẹ̀, ọjọ́ tí yóò gba òmìnira iṣẹ́, ló máa ń gbọ́.

Ọjọ́ ìdáńdè tèmi náà dé. Ó da pọ́ńdà lé mi lórí gẹ́gẹ́ bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe, títí ojú mi fi funfun bí efun, ó wá ní, "É nyọ́." Èdè Mahi ni, ó dára ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀gá mi kì í sábà sọ ọ́. Bí iṣẹ́ ò bá dára, á ní kí o tún un ṣe. Bó bá dára, á dákẹ́. Ó ní láti dára kọjá dídára kó tó la ẹnu sọ "É nyọ́". Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ nítorí tèmi, ti ọjọ́ yẹn sì ni àkọ́kọ́.

Mo padà sí Bantè, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nítòsí mi, ará Nàìjíríà kan wà tó ń ta epo bẹntiróòlù àti ọjà oríṣiríṣi, òun ló bá mi gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀fọ́tò náà bọ̀ láti ìlú rẹ̀. Àlòkù ni, ó tóbi, ó lè tẹ fọ́tò tó fẹ̀ tó fèrèsé, ó sì ní àpò tàdáwà mẹ́fà nínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. "Ọkọ ni mo bá ẹ mú bọ̀ yìí o," ni ọkùnrin náà wí. "Obìnrin mélòó kan ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lágbára." Èmi náà fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ kúkúrú rẹ̀.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ni àwọn fọ́tò àtijọ́. Kò sí ilé tí ikán ò ti jẹ fọ́tò bàbá wọn lára ògiri, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lè tún wọn tẹ̀, iṣẹ́ á wà. Mo bá tẹ ọ̀kan, mo gbé e lọ sí Savalou láti fi yangàn. Ọ̀gá mi gbé e sún mọ́ ojú, ó yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ta ló fi ewé pa bàbá yìí lára?" Òótọ́ ni. Àwọ̀ mẹ́fà ni ẹ̀rọ náà ń pò pọ̀ kó tó rí àwọ̀ eérú, nítorí náà ojú àwọn òkú inú fọ́tò dúdú-funfun mi ń tutù bí ewé lónìí, á sì pọ́n bí ẹni tó mutí lọ́la. Mo fi ìtìjú wálé. Mo wá ojútùú rẹ̀ kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì títí mo fi rí ìwé kan lédè Faransé, tí ẹnì kan ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé a lè fọ gbogbo àwọ̀ kúrò nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí a wá rọ dúdú nìkan sínú àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ọ̀kan á jẹ́ dúdú kíki, a ó bu omi la èkejì díẹ̀, a ó tún la ẹ̀kẹta sí i, títí dé ẹ̀kẹfà tó máa rí bí omi tí a fi ṣan ìkòkò. Ẹni tó bá ṣe é, kò sí àbọ̀: ẹ̀rọ náà ò ní tẹ àwọ̀ mọ́. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó béèrè ọjọ́ tí mo máa bẹ̀rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wà níbẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ń wá sí Bantè lọ́ṣọ̀ọ̀ṣẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn ọlọ́kadà, ọwọ́ kan lé èjìká ọlọ́kadà, ọwọ́ kejì lórí fìlà. Ẹni tí kò ní ìdí kankan láti jáde nílé mọ́ ni, ó wá di ẹni tó ń múra sílẹ̀ kí ọlọ́kadà tó dé. Omi bátìrì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń rọ sínú bátìrì mọ́tò, ni mo fi ń fọ inú ẹ̀rọ náà, torí omi kànga á dí ihò tàdáwà tí kò tó ihò irun. Mo ń fà, mo ń dà á nù, títí omi tó ń jáde fi mọ́ kedere. Ọ̀gá mi ló ń gbé e sókè sí oòrùn láti wò ó. Ó ní, "Pupa ṣì wà nínú rẹ̀," èmi ò sì rí pupa kankan. Mo tún un fọ̀. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lórí ìwé, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo àwọ̀ ò tíì darúgbó.

Pípo tàdáwà ló nira jù. Mo tẹ bébà tóóró kan jáde, tí mo to àpótí kéékèèké sí lára láti dúdú biribiri dé funfun, mo rò pé mo ti ṣe é. Ó wò ó, ó ní kí n bá òun wá èédú, kí n bu eérú láti ìdí ààrò, kí n sì wá efun. Ó tò wọ́n sórí pákó nínú oòrùn, èédú lápá kan, efun lápá kejì, ó wá ń lọ èédú pò mọ́ efun, ó ń fi wọ́n dí àárín náà díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú eérú. Ó ní, "Ojú gbogbo ènìyàn wà láàárín èédú àti efun yìí. Ẹ̀rọ tìrẹ ń fò. Ó ń ti orí èédú bọ́ sórí eérú láìdúró lọ́nà. Ibi tó fò yẹn, ibẹ̀ ni àgbọ̀n àwọn ènìyàn wà." Mo tún tàdáwà pò. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ó ṣì ń fò níbì kan. Ọyẹ́ dé lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń dí ẹnu ẹ̀rọ náà, a sì gbé abọ́ omi àti aṣọ tútù tì í bí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn ibà.

Fíìmù kan wà tí a fi ń dán an wò. Obìnrin ará Bobè kan ló wá ya fọ́tò nígbà náà lọ́hùn-ún. Bí iná ńlá ọ̀gá mi ṣe tàn, ẹ̀rù bà á, ó fò dìde, ó sá lọ kí kámẹ́rà tó ká a, kò sì padà mọ́. Ohun tó wà nínú fíìmù yẹn ò ju àga òfìfo, ẹní funfun níwájú rẹ̀, àti ilà mẹ́ta ní igun. Ọ̀gá mi ò sọ ọ́ nù torí pé gbogbo oríṣi eérú ló wà nínú rẹ̀, láti òjìji ẹ̀yìn àga dé ojú ẹní. Mo gbé fíìmù náà sórí gíláàsì funfun tí iná wà lábẹ́ rẹ̀, mo fi kámẹ́rà yà á, mo yí i padà nínú kọ̀ǹpútà, a tẹ̀ ẹ́. A tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà tí n kò lè kà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, àga náà jáde láti ẹnu ẹ̀rọ, ó sì dà bíi pé ènìyàn lè fà á wá kó jókòó. Ọ̀gá mi gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ìka tọ́ ilà mẹ́ta yẹn. Ó ní, "É nyọ́." Omi lé ròrò sí mi lójú, mo sì dọ́gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló kó àwọn agolo rẹ̀ wá, gbogbo wọn, nínú mọ́tò tó ń kó iṣu. Ó ní, "Tẹ̀ wọ́n fún àwọn tó ni wọ́n. Ohun tó bá tibẹ̀ wá, tìrẹ ni, èmi ò bá ọ pín in. Ohun kan ni mo fẹ́. Má pa ilà mi rẹ́." Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ fẹ́ bí mi nínú. Mo ní, "Ọ̀gá, irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Ṣé èmi ni n ó pa ilà yín rẹ́?" Mo kúnlẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Ìkúnlẹ̀ rọrùn.

Iṣẹ́ dé lóòótọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo Bantè fi mọ̀ pé fọ́tò tí mo ń tẹ̀ ń mú òkú dìde. Àwọn ènìyàn ń wá láti Akpassi lásìkò kajú, wọ́n ń sọ orúkọ àwọn bàbá wọn fún mi, èmi á sì wá wọn rí nínú agolo. Ẹni tó bá gba tuntun lọ́wọ́ mi á yọ ti àtijọ́ tí ikán ti jẹ kúrò nínú férémù, á jù ú nù, á fi tèmi sí i. Mo ṣe òǹtẹ̀ kan, orúkọ mi àti Bantè lábẹ́ rẹ̀, mo ń lù ú sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ náà ń mì nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú, mo bá ṣẹ́ bébà líle kan tó wà nítòsí sí mẹ́rin, mo fi há a lẹ́sẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Obìnrin kan wá bá mi lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Cotonou, àkọ́bí bàbá kan tó jẹ́ katikíìsì ìjọ Àgùdà àti tíṣà ní Bantè. Wọ́n fẹ́ ṣe Máàsì ìrántí bàbá náà, ó sì fẹ́ fọ́tò ńlá. Mo rí bàbá náà nínú agolo, ó dúró gangan, ọwọ́ rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí obìnrin yìí rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní kò sí irú mi ní Cotonou, ó ní ọmọ Bantè ni wá, ẹ wo ohun tí ọmọ wa lè ṣe. Ó yìn mí títí orí mi fi wú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo igun ìsàlẹ̀, ó ní, "Kí ni èyí lẹ́sẹ̀ bàbá mi? Ó dà bíi pé adìẹ ló ha á."

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Gbólóhùn kan ni: àmì ọ̀gá mi nìyẹn, òun ló ya fọ́tò yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ìyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lé mi lórí á dìde, á gba ọ̀nà Savalou lọ. Mo ní, "Fíìmù àtijọ́ ni, Màdáàmù, ó ti ha. Ẹ jẹ́ kí n bá yín nù ún kúrò." Nínú kọ̀ǹpútà, kò gba àkókò tó ènìyàn fi ń pa ẹ̀fọn. Mo tún un tẹ̀, ẹní funfun náà mọ́ roro. Mo lu òǹtẹ̀ mi sẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò dúró kí ẹnikẹ́ni béèrè mọ́. Bí mo bá ti yọ fọ́tò láti inú fíìmù, mo ti nu igun rẹ̀ nìyẹn, mo ti fi èyí tó mọ́ rọ́pò èyí tó ní ilà nínú kọ̀ǹpútà, kí ó má baà dà mí láàmú. Mo ní ìmọ́tótó ni. Mo tilẹ̀ gbà á gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ dín ẹrù kọ̀ǹpútà kù, mo pa àga òfìfo náà rẹ́ pátápátá, torí ta ló máa ra àga?

Èmi ni wọ́n ní kí n ya fọ́tò ọjọ́ Máàsì náà. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ènìyàn padà sí agboolé katikíìsì, wọ́n ti gbé fọ́tò ńlá náà sórí tábìlì pẹ̀lú òdòdó. Mo ń yà síhìn-ín yà sọ́hùn-ún ni mo rí ọ̀gá mi tó ń wọlé. Kò sí ẹni tó pè é. Ó gbọ́ lọ́jà Savalou ni, ó sì wọ kóòtù rẹ̀ kan ṣoṣo wá, torí ó rántí bàbá náà. Wọ́n fún un ní àga láàárín àwọn àgbà, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀tàn. Ó ní ọjọ́ tí katikíìsì wá ya fọ́tò yìí, ó kọ̀ láti jókòó, ó ní àga kì í ṣe tòun, kẹ̀kẹ́ ni tòun, kẹ̀kẹ́ ló gbé Ọlọ́run dé gbogbo abúlé wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Àna wọn kan wá ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ yà á ni? Ẹ̀yin ará Mahi mọ ìtàn sọ o!" Ọ̀gá mi ní, "Èmi ni mo yà á. Ẹ wá wo ilà mi."

Ó dìde, ó lọ síbi tábìlì, ó na ìka sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún láìtilẹ̀ wò ó, bí ènìyàn ṣe ń na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ìka rẹ̀ dúró lórí ẹní funfun. Ó sún un díẹ̀ sósì. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí kóòtù nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó tún wò. Ẹnì kan ń sọ kẹ́lẹ́ kẹ́lẹ́ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Àkọ́bí katikíìsì bá dìde pẹ̀lú àánú, ó ní, "Bàbá, ẹ wá jókòó, ẹ jẹun. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ló ṣe fọ́tò náà," ó sì yí férémù padà, ó fi òǹtẹ̀ mi hàn án. Ó wá wò mí. "Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gbogbo wọn wò mí. Ọ̀gá mi náà wò mí, kì í ṣe ìwò ìbínú, ó ń dúró ni. Ó dá a lójú pé mo máa sọ̀rọ̀.

Mo mi orí. Orí tí ọkùnrin yìí fi ọwọ́ ara rẹ̀ da pọ́ńdà sí, òun ni mo mì pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò níbi tábìlì náà. Ó rọra yí férémù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ó tún un gbé kó dúró gbọọrọ. Nígbà tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Dúdú rẹ̀ dára." Yorùbá ló fi sọ ọ́. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ wọn.

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó lè lọ sí Savalou. Mo tún fọ́tò katikíìsì tẹ̀, mo fi kọ̀ǹpútà fa ilà mẹ́ta sí igun rẹ̀, mo fi bébà wé e bí ẹ̀bùn. Ọ̀gá mi fún mi lómi, ó fún mi ní àga, ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó béèrè bí kajú ṣe ṣe lọ́dọ̀ wa lọ́dún yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó mọ́. Ó ní, "Dìde, ta ló bá ọ jà?" Mo nawọ́ fọ́tò náà sí i. Ó wo igun rẹ̀ pẹ́. "Ta ló kọ ilà yìí?" Mo ní èmi ni. Ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ọmọdé là ń kọlà fún. Wọn kì í kọlà fún arúgbó." Lẹ́yìn náà ló ní kí n bá òun dá àwọn agolo òun padà, bí ẹni tó ní kí n bá òun ti ilẹ̀kùn. Mo dá wọn padà pé pérépéré. Kò tún wá sí Bantè mọ́.

Ìgbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn, wọn ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ rẹ̀, fọ́tò tí wọ́n sì gbé síwájú pósí jẹ́ èyí tí wọ́n fi fóònù yà, aláwọ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa. Ìtìjú ò jẹ́ kí n sún mọ́ iwájú. Nígbà tí mo fi máa padà lọ kí wọn lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn agolo náà ti wà lórí ògiri ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dojú wọn dé nínú oòrùn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní agolo tó dára ni, òun fẹ́ kó ẹ̀wà àti ẹ̀pà sí i. Mo béèrè ohun tó wà nínú wọn. Ó fi ọwọ́ júwe ibi tí wọ́n ti ń jó ìdọ̀tí. Àwọn fíìmù náà ti yọ́ mọ́ra wọn, wọ́n di òkìtì dúdú kan tó le bí òkúta. N kò bá a jà. Èèyàn kan ṣoṣo tó mọ ohun tó wà nínú agolo náà láyé, èmi ni, mo sì ti ń dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Mo lọ bá àkọ́bí katikíìsì nígbà tó wálé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Kí lo tún ń dààmú ara rẹ sí? Àwọn bàbá méjèèjì ti sinmi. Fọ́tò náà dára." Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ní tèmi, òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, ó bá a nínú pálọ̀, wọ́n sì ní kó jókòó, kó mu omi, kó máa lọ.

N kò lè ṣe iṣẹ́ fọ́tò àtijọ́ mọ́. Gbogbo èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi ló mọ́ tónítóní ní igun. Mo pa ẹ̀rọ náà tì, n kò gbé abọ́ omi tì í mọ́, ọyẹ́ kan ṣoṣo sì ti tó láti gbẹ dúdú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́ ọn lẹ́nu. Mo gbìyànjú láti fi omi bátìrì fọ̀ ọ́ kó lè padà sí aláwọ̀, kò gbà. Eérú ń tọ ẹni tó dà á, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èédú náà ń tọ̀ ọ́.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni mo ní kí ará Nàìjíríà wá bá mi gbé e kúrò, kí n lè ráyè fún ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń tẹ fọ́tò káàdì. Ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ tóun mú wá fún mi ò pẹ́ láyé. Nígbà tí a gbé e sókè, bébà tí mo fi há ẹsẹ̀ rẹ̀ jábọ́. Mo ti gbàgbé rẹ̀. Mo tú u, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kejì. Àga òfìfo náà ni, èyí tí ọ̀gá mi gbé lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti tẹ ihò sí àárín rẹ̀, ojú ibi tí mo ti ṣẹ́ ẹ sì ti bó. Ṣùgbọ́n ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ilà mẹ́ta náà wà níbẹ̀, wọ́n dúdú bí ọjọ́ tí a tẹ̀ wọ́n. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, ará Nàìjíríà náà sì rò pé nítorí ẹ̀rọ ni.

Mo fi férémù sí i, mo gbé e kọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni tó bá wọlé á kọ́kọ́ rí. Àwọn oníbàárà máa ń béèrè pé fọ́tò ta ni, nígbà tí kò sí ènìyàn lórí àga. Mo máa ń ní ọ̀gá mi ni. Mo máa ń fi ìka tọ́ igun náà hàn wọ́n, mo máa ń sọ orúkọ rẹ̀ àti ojú ọ̀nà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Savalou, ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́. Ẹnu mi ti wá yọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn báyìí. Lọ́jọ́ tí gbólóhùn kan péré ì bá tó, mo mi orí.